Ẹ̀yìn ni Bàbá Kọ sí Tẹlifíṣọ̀n

Àbúrò mi ọkùnrin ló fa gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ti ń rọlẹ̀, Bàbá Àgbà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá kan lórí itan, wọ́n ń ṣe ọnà sí ọrùn rẹ̀. Ọmọ náà já wọlé láti yàrá iwájú, ikun ń ṣàn, omijé ń ṣàn. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti yọ mí kúrò! Ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ dúńbú nínú tẹlifíṣọ̀n!" Èmi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo na ọwọ́ kí n fi bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Bàbá ti gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, wọ́n sì gbójú sókè.

Kí ẹ má baà rò pé orí ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ilé wa wà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé la sì wà nígbà náà. Bàbá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló kọ́ ilé náà. Aránṣọ ni wọ́n, agbádá àwọn ènìyàn ńláńlá ni wọ́n máa ń rán, àfáà sì ni wọ́n pẹ̀lú. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Bàbá tèmi kú nígbà tí àbúrò mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa, nítorí náà ọwọ́ Bàbá Àgbà ni èmi, àbúrò mi àti ìyá wa wà.

Yàrá méjì tó wà níwájú ilé, ayálégbé ló ń gbé ibẹ̀. Akọ̀wé ní rélùwéè ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, onígbàgbọ́, tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Iléṣà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀nà tiwa. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, tó ní ilẹ̀kùn onígi bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì so ẹ́ríà rẹ̀ mọ́ orí ọparun gíga kan kó lè gbọ́ Ìbàdàn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun alásárì, a ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀ rẹ̀, a ó sì máa wo kàtúùnù: àwọn ajá tó wọ fìlà, àwọn ẹyẹ tó ń jà, gbogbo àwòrán tí ọwọ́ yà tó wá ń rìn, tó ń pariwo.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n mú kàtúùnù tuntun dé. Ìtàn àwọn Ànábì ni. Láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti rà á, òyìnbó tí wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀, imú ló ń gbà jáde. Èmi ni ògbufọ̀. Mo wà ní kíláàsì kẹfà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo mọ òyìnbó ju gbogbo ọmọ àdúgbò lọ, mi ò sì ní dibọ́n pé orí mi kò wú sí i. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, màá yí padà sáwọn tó wà lórí ẹní, màá sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn orúkọ ni mo máa ń gbé sí ti ilé wa: Nóà di Ànábì Núhù, Mósè di Ànábì Mùsá. Bí mo bá sì ti dárúkọ Ànábì kan, gbogbo àwọn ọmọ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Alaihi salaamu!" gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Akọ̀wé á wà lórí àga rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sínú ife tíì. Kò sí ẹni tí inú ń bí.

Àfi ìgbà tó kan bàbá arúgbó kan tó ń gun òkè pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà ru igi ìdáná. Ní ilé wa, ìtàn yẹn ni Iléyá. Ànábì Ìbúráhíìmù ni bàbá, Ìsímáílà sì ni ọmọ. Orúkọ yẹn gan-an ni Bàbá Àgbà sọ àbúrò mi lọ́jọ́ kẹjọ. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó dú àgbò, Bàbá á fi okùn rẹ̀ sí ọmọ náà lọ́wọ́, wọn á ní, "Àgbò tí Ọlọ́run fi rà ọ́ padà rèé." Ẹ̀fẹ̀ àti àdúrà ni fún àgbà. Ọmọ yẹn gbà á bẹ́ẹ̀ ni o. Ó gbà pé òun fúnra òun ni wọ́n tẹ́ sórí òkúta lọ́jọ́ náà tí ọ̀bẹ kò kan òun, ó sì máa ń fi yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dárúkọ ọmọ tí wọ́n dè, tí èmi ògbufọ̀ sì yíjú padà tí mo ní, "Ísíákà," bí mo ṣe gbọ́ ọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń sọ ìtàn náà, àbúrò mi dìde dúró gírí. "Irọ́ ni! Èmi ni!" Ọmọ kan tó ń jẹ́ Ísíákà wà lórí ẹní níbẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti wọ̀yá ìjà. Ibẹ̀ náà ni kàtúùnù dúró sí, ọ̀bẹ wà lókè, wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sáré lọ bá Bàbá.

Ohun tó mú kí inú mi dà rú ni pé mo ti yege ìdánwò láti wọ iléèwé girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Iléṣà, iléèwé àwọn onígbàgbọ́. Iléṣà ni ìyá mi ti wá. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí wọn sí, ìgbà tí wọ́n fẹ́ bàbá mi ni wọ́n di mùsùlùmí. Bàbá Àgbà ti gbà pé kí n lọ, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Aṣọ búlúù tí iléèwé ní ká fi rán yunifọ́ọ̀mù wà nínú yàrá Bàbá, ó wà ní kíká lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní kò sí aránṣọ míì tí yóò fọwọ́ kàn án, àwọn fúnra àwọn ni yóò rán an. Àmọ́ wọn kò tíì gé e. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ yọjú sí aṣọ náà. Bí wọ́n bá gé e, mo ti lọ nìyẹn. Bí wọn ò bá gé e, ilé ni mo wà.

Àbúrò bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ pè é, ṣùgbọ́n ìwé tèmi ni èyí, mi ò ní ṣe é. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i, Bàbá? Kò tíì dé Iléṣà o, ó ti ń fi Ísíákà rọ́pò Ìsímáílà fáwọn ọmọ wa. Tó bá wá débẹ̀ ńkọ́? Ìrìbọmi ló kàn." Ó ní kí n lọ máa bá ìyàwó òun kiri ọṣẹ, pé ọmọbìnrin tó bá ń ta ọjà kì í ráyè ṣìnà. Ọṣẹ ìyàwó rẹ̀ ló ń rò, kì í ṣe ẹ̀sìn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, inú sì ń bí mi títí dòní.

Bàbá kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo sọ, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n wá ní, "Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà á wá gbọ́ ọ." Wọ́n fa abẹ́rẹ́ yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Akọ̀wé wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá, ó ní òun yóò gbé tẹlifíṣọ̀n náà lọ sí Iléṣà, kí ó má dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé onílé. Bàbá ní, "Ẹ dìde, Akọ̀wé. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ gbọ́ ọ." Bí akọ̀wé ṣe ń jáde, ó bá ìyá mi pàdé ní ẹ̀gbẹ́ kànga, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní Ìjẹ̀ṣà. Àbúrò bàbá mi rí wọn. Ní alẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́ pé àwọn ará Iléṣà ti ń gbìmọ̀.

Òótọ́ sì ni pé wọ́n gbìmọ̀. Ìyá mi pè mí sí ilé ìdáná lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí ìbẹ̀rù bá mú ìyá mi, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn. Ilé á di ulé, iṣẹ́ á di uṣẹ́. Wọ́n di ẹran apá mi mú, wọ́n fún un. "Kò sí ẹni tó gbọ́ òyìnbó nínú ulé yìí àfi ìwọ àti akọ̀wé. Akọ̀wé kò ní sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀ wọ́n. Bí o bá dé ibi orúkọ yẹn lọ́la, Ìsímáílà ni kí o wí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ohun tí wọ́n wí nìyẹn."

Wọ́n tún fún apá mi. "Ṣé o fẹ́ kiri ọṣẹ?"

Ibi tí wọ́n fún yẹn dúdú títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé, pálọ̀ akọ̀wé kún. Àwọn ọmọ wà lórí ẹní, kò sí èyí tó ń ta pútú. Àbúrò bàbá mi fara ti fèrèsé, ó káwọ́ gbera. Akọ̀wé kò jókòó, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló dúró sí bí ẹni tí wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́. Bàbá wọlé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò wo ọ̀nà ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà rárá. Wọ́n di àga mú, wọ́n yí i padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì jókòó.

Wọ́n ní, "Èmi ò ní fi ojú mi wo Ànábì Ọlọ́run tí ẹnì kan jókòó tó yà. Etí ni mo gbé wá. Ìwọ, bọ́ síbí."

Wọ́n ní kí n dúró síwájú àwọn. Bó ṣe wá rí ni pé èmi ń wo tẹlifíṣọ̀n láti orí èjìká Bàbá, Bàbá sì ń wo ojú mi. Ìyá mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi pẹ̀lú àbúrò mi. N kò rí wọn, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ mímí wọn.

Bàbá ní, "Bí wọ́n bá ṣe wí ni kí o wí. Má yọ, má fi kún."

Kàtúùnù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ tún díẹ̀ fi hàn nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: òkè, igi, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, ọmọ tó ń tẹ̀ lé e. Mo sọ ti òkè. Mo sọ ti igi. Nígbà tí mo dárúkọ Ànábì Ìbúráhíìmù, àwọn ọmọ dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, "Alaihi salaamu," ètè Bàbá náà sì mì. Mo sọ pé ọmọ náà ń béèrè ẹran tí wọ́n fẹ́ dú, pé bàbá rẹ̀ ní Ọlọ́run yóò pèsè rẹ̀.

Bàbá arúgbó inú tẹlifíṣọ̀n wá pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Bí òyìnbó ṣe pe orúkọ náà, kò jọ orúkọ kankan tí wọ́n mọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá já irọ́ mi.

Mo ní, "Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá."

Bàbá ní, "Padà."

Gbogbo ẹni tó bá ti kéú lọ́dọ̀ Bàbá ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. O lè wà lábẹ́ àtíbàbà, kí Bàbá wà lókèèrè, kí wọ́n dorí kodò sídìí aṣọ. Bí o bá gbé lẹ́tà kan mì nínú ohun tí ò ń kà lórí wàláà, "Padà" ni wọn á wí, láì gbójú sókè. Wàá padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀, wàá tún un kà. Bí o bá tún gbé e mì, "Padà." Àwọn àfáà mìíràn máa ń na ọmọ ní kéú. Bàbá kò na ẹnikẹ́ni rí. Wọn kò gbọ́ òyìnbó kankan, àmọ́ wọ́n ti ń gbọ́ ohùn mi láti kékeré, wọ́n sì mọ bó ṣe ń rí bí mo bá fo nǹkan.

Mo tún un wí. "Bàbá náà pe ọmọ náà, ó ní kó sún mọ́ òun."

"Padà."

Tí mo bá ní Ìsímáílà, inú ìyá mi á dùn, ẹkún àbúrò mi á dópin, àbúrò bàbá mi á ka ẹnu rẹ̀ mọ́, wọ́n á gé aṣọ mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí nǹkan kan àfi ohun tí mo gbọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ìgboyà ni. Ìgboyà kọ́. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí apá mi tó ń ro mí, sí bí gbogbo àgbà ilé ṣe fẹ́ fi ẹnu mi ṣe ẹnu wọn. Ojú Bàbá sì wà lójú mi, wọn kò ṣẹ́jú.

Mo ní, "Ísíákà ni wọ́n wí, Bàbá. Wọ́n ní Ísíákà ni orúkọ ọmọ náà."

Mo gbọ́ tí ìyá mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Àbúrò bàbá mi kúrò ní fèrèsé. "Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí! Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n ò sọ ọ́?"

Bàbá gbé ọwọ́ tí tẹ̀sùbáà wà sókè. "Kò tíì parí. Máa wí."

Mo ń wí i, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo sọ bí wọ́n ṣe dè é, bí ọ̀bẹ ṣe ga sókè. Mo sọ ti ohùn tó ti ojú ọ̀run wá. Àbúrò mi ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di aṣọ mi mú, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé wọ́n ṣì lè pe òun.

Bàbá béèrè pé, "Àgbò ńkọ́? Ṣé àgbò náà wá?"

"Ó wá, Bàbá. Ìwo rẹ̀ há sínú igbó."

Wọ́n ní, "Alihamudulilahi."

Ìpè ìrun mọ̀gàríbì dún láti mọ́ṣáláṣí. Bàbá dìde. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí àbúrò mi, wọ́n ní, "Orúkọ rẹ wà níbi tí mo fi í sí. Ẹ̀rọ kankan kò lè mú un kúrò níbẹ̀." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n bọ́ síta láti lọ ṣe àlùwàlá.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn á gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi, wọn á sì yíjú sí ibòmíì. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ti fi àtẹ ránṣẹ́, àtẹ tuntun, ó wà ní ìdúró lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ yọjú sí yàrá Bàbá. Aṣọ búlúù náà wà níbi tó wà, kíká. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àwọ̀ búlúù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, Bàbá pè mí. Teepu wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Dúró dáadáa." Wọ́n wọn èjìká mi. Wọ́n wọn àyà àti ìbàdí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n fi teepu sí èjìká mi, wọ́n fà á wá sísàlẹ̀, ó kọjá orúnkún, ó ń lọ.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá orúnkún púpọ̀."

"Ta ló ń rán aṣọ níbí?"

Wọ́n tẹ́ aṣọ búlúù sórí tábìlì, wọ́n fi ẹfun ìránṣọ sàmì sí i, wọ́n sì gbé sísọ́ọ̀sì. Mo ń gbọ́ bí sísọ́ọ̀sì náà ṣe ń jẹ aṣọ lọ. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ìta, wọ́n kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n wà nínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga, wọn kò sì dìde fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ ṣì ń jẹ́ kó lọ, pẹ̀lú ohun tí gbogbo wa gbọ́?"

Bàbá ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ní, "Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n á wí fún un níbẹ̀. Mo fẹ́ máa mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹni tó máa wí i fún mi bó ṣe rí ni mo ń wá, mo ti rí i. Gbé àtẹ yẹn lọ fún ìyàwó rẹ."

Ní ti kàtúùnù, Bàbá ṣe òfin. Àwọn ọmọ lè wo ajá àti ẹyẹ bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ìtàn Ànábì, kí gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí i, kí wọ́n máa gbọ́. Ẹ wo ọmọ bí ogún lórí ẹní, gbogbo wọn kọjú sí ògiri, tẹlifíṣọ̀n ń ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn wọn. Fọ́tò ìgbéyàwó akọ̀wé tí wọ́n fi gíláàsì bò wà lára ògiri náà o, inú gíláàsì yẹn ni wọ́n ti ń wò ó. Àbúrò mi ló kọ́ wọn.

Mo lọ sí Iléṣà. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ aṣọ mi, níbi tí Bàbá ká gbogbo aṣọ tó kọjá orúnkún sí, ki débi pé àwọn ọmọbìnrin tó kù ń bi mí bóyá ìrọ̀rí ni mo gbé pamọ́ síbẹ̀. Ojú tì mí, mo sì bú Bàbá nínú ọkàn mi. Nígbà ìsinmi kọ̀ọ̀kan, Bàbá á jókòó, wọn á ní, "Wí." Màá sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì. Níbi tí mo bá ti fẹ́ fi oyin sí i, wọn á ní, "Padà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé yunifọ́ọ̀mù mi, wọn á tú ìṣẹ́tí náà díẹ̀, wọn á tún un rán.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Iléṣà nígbà tí Bàbá kú. Nígbà tí mo fẹ́ padà fún ọdún tó kẹ́yìn, aṣọ náà ti kúrú sí mi lára. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n fi réésà tú ìṣẹ́tí náà dé ìparí. Aṣọ tó jáde nínú rẹ̀ kò rí oòrùn rí. Búlúù rẹ̀ ṣì dán bí ọjọ́ tí wọ́n gé e, nígbà tí ìyókù ti ṣá. Ìyá mi rán etí rẹ̀, mo gbé e wọ̀. Gígùn tí Bàbá fi teepu wọ̀n lọ́jọ́ náà gan-an ni, ó sì balẹ̀ sí orúnkún mi.